Dókítà Ó-Kù-Díẹ̀

Lọ́jọ́ tí wọ́n lé Raliatou jáde ní kóòtù, ìròyìn rẹ̀ ti dé ọjà Adjamé kí òun fúnra rẹ̀ tó délé.

Ẹjọ́ Moucharafou ni wọ́n ń dá. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta bàtà ni. Ó já ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù aládùúgbò rẹ̀ lọ́sàn-án gangan nítorí ó rò pé òun gbóòórùn iná, bẹ́ẹ̀ kò sí iná kankan níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè, ó ní, "Inú mi ló sọ fún mi. Ẹ jọ̀wọ́, ojú mi ti rí nǹkan," torí pé iná ti jó ìsọ̀ tirẹ̀ rí. Ògbufọ̀ tí wọ́n mú wá láti túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé fún adájọ́ jẹ́ ọmọ tí wọ́n bí sí àdúgbò Treichville. Yorùbá rẹ̀ kò ju èyí tí èèyàn fi ń ra àkàrà lọ. Ó túmọ̀ rẹ̀ lẹ́yọ-lẹ́yọ: ikùn ọkùnrin yìí ń bá a sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ sì ń rí àwọn nǹkan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Didier, tí adájọ́ ní kó yẹ̀ ẹ́ wò, kọ ọ́ sílẹ̀ pé orí rẹ̀ ti dàrú, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ.

Raliatou ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ Didier nígbà náà. Oyè ọ̀mọ̀wé ló ń lé nínú ẹ̀kọ́ ọkàn ẹ̀dá: bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú, àti bí wọ́n ṣe ń ṣàlàyé irú ẹni bẹ́ẹ̀ fún adájọ́. Ẹ̀yìn ni wọ́n ní kó jókòó sí, kó máa wò, kó má fọhùn. Ẹ gbà mí, ẹ wo ẹni tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún! Ó fò dìde.

"Monsieur le président, inú tèmi náà ń sọ̀rọ̀!"

Adájọ́ yọ awò ojú rẹ̀. "Mademoiselle, ṣé ara yín ò yá ni?"

"Ara mi dá ṣáṣá! Yorùbá ni mo gbọ́. Bí inú bá sọ fún èèyàn, ó fura ni. Bí ojú rẹ̀ bá rí nǹkan, ìyà ló jẹ ẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ ti gbogbo ẹni tí inú ń sọ nǹkan fún mọ́lé, ẹ wá kó ìyá mi, kí ẹ kó gbogbo Adjamé mọ́ ọn!"

Ọlọ́pàá méjì ló gbé e jáde, ó sì ń ṣàlàyé fún àwọn náà títí dé ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n adájọ́ ní kí wọ́n wá ògbufọ̀ mìíràn, nígbà tó yá, Moucharafou padà sídìí bàtà rẹ̀.

Didier pe Raliatou sí ọ́fíìsì. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í gbóhùn sókè, ìyẹn gan-an ló máa ń ba Raliatou lẹ́rù.

"Òótọ́ lo sọ, mo sì ti tún ìwé mi kọ. Ṣùgbọ́n etí la fi ń ṣe iṣẹ́ yìí, Raliatou. O ò lè jókòó, o ò lè dákẹ́. Àfi lọ́jọ́ tí mo bá rí i pé o jẹ́ kí aláìsàn kan sọ̀rọ̀ rẹ̀ tán ni màá tó fọwọ́ sí i pé kí o lọ ṣe soutenance."

Soutenance yìí ni ọjọ́ tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n máa ń da ìbéèrè bo èèyàn kí wọ́n tó fún un lóyè. Bí kò bá débẹ̀, gbogbo ìwé tó kà já sí asán. Ìyá rẹ̀, Sùwéébátù, tí ń ta abọ́ ní Adjamé, sì ti sọ fún gbogbo ọjà pé ọmọ òun ti di dókítà. Àwọn ará ọjà kò fẹ́ dójú tì í, ni wọ́n bá ń pe ọmọ náà ní Dókítà Ó-kù-díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìjókòó yìí kì í ṣe kékeré. Bí Raliatou bá jókòó, àga kì í tíì móoru tí yóò fi dìde. Ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀ ní Riviera kó kúrò nílé nítorí ìró bàtà rẹ̀. Ti ẹnu rẹ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí inú ọjà ni wọ́n bí i sí. Ẹ gbọ́ bó ṣe gba Abdul-Ganiyu, awakọ̀ táàsì tí kò rí oorun sùn:

"Docteur, ọjọ́ márùn-ún rèé tí mi ò sùn."

"Márùn-ún kẹ̀? Ẹ mú un wá sí méjì."

"Docteur, márùn-ún ni mo wí!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹni tí kò sùn fún ọjọ́ márùn-ún lè wa táàsì débí? Ẹ jẹ́ ká fi sí mẹ́ta."

Ọkùnrin náà rò ó títí. "Ó dáa, mẹ́ta àtààbọ̀."

Raliatou kọ ọ́ sílẹ̀, inú àwọn méjèèjì sì dùn. Faransé ni wọ́n fi ná an, Didier tó ń gbọ́ wọn láti ẹ̀yìn gíláàsì sì fọwọ́ bojú.

Ó tún dá ọgbọ́n mìíràn: ó bu omi sẹ́nu kí aláìsàn tó wọlé, kó má baà lè fọhùn. Aláìsàn ọ̀hún ní ọkọ òun máa ń bá tẹlifíṣọ̀n jà, ọkọ ló sì máa ń jẹ̀bi. Ẹ̀rín pa Raliatou, fáìlì Didier ni gbogbo omi náà tú sí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà rèé nígbà tí wọ́n mú Sàdíà wá láti ọgbà ẹ̀wọ̀n. Gonzagueville létí òkun ló ń gbé tẹ́lẹ̀. Òkun gbé ọmọ rẹ̀ lọ, ó sì fi igi lu aládùúgbò tó ń bá a tọ́jú ọmọ náà, díẹ̀ ló kù kó pa á. Láti ọjọ́ náà kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Adájọ́ fẹ́ mọ̀ bóyá ó mọ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án. Didier jókòó tì í, Sàdíà kò fọhùn. Wọ́n mú ògbufọ̀ gidi wá, kò fọhùn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, pàbó ló já sí. Raliatou nìkan ló kù.

Ó wọlé, ó pa ẹnu mọ́ torí ó ti ṣèlérí fún Didier. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò bá a ṣèlérí. Ó yí tábìlì ká, ó dé ojú fèrèsé, ó dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó tún yí tábìlì ká. Ojú Sàdíà ń bá a lọ, ó ń bá a bọ̀.

"Ọmọ yìí, jókòó jàre! Òòyì ń kọ́ mi."

Raliatou jókòó. Sàdíà bá bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀, kò sì dákẹ́ mọ́ títí ọjọ́ fi rọlẹ̀. Didier kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n láti ẹ̀yìn gíláàsì ó rí ẹnu tó ń ṣí àti ẹnu tó wà ní pípadé. Lọ́jọ́ náà gan-an ló fọwọ́ sí ìwé. Ó ní òun kò mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ òun ló ṣiṣẹ́ ni àbí ẹsẹ̀ Raliatou.

Ó ṣe soutenance, ó gboyè. Bó ṣe ń dáhùn ló ń rìn, tí ọrùn àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n fi ń ro wọ́n. Kò sì pẹ́ lórí oyè ọ̀hún. Ẹ̀jẹ̀ ríru mú un lọ lójijì lọ́dún tó kọjá, ó sì dùn wá dé egungun.

Níbi fìdáù rẹ̀ ní Williamsville, oníkálukú ń rò tirẹ̀. Wọ́n sọ ti kóòtù, wọ́n sọ ti awakọ̀ táàsì, ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Sàdíà, tó ti kúrò lẹ́wọ̀n, jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn.

"Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi?" Sùwéébátù bi í. "Kí ló sọ fún ẹ lọ́jọ́ náà?"

"Kò sọ nǹkan kan, Mà. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń sunkún. Mo sọ tèmi títí ó fi tán."

Ariwo Raliatou la mọ̀, a rò pé gbogbo ohun tó jẹ́ nìyẹn. Ìyá rẹ̀ fa àga rẹ̀ sún mọ́ Sàdíà.

"Jọ̀wọ́, sọ fún mi bó ṣe jókòó," ó ní. "Èmi ò rí i kó jókòó rí."