Ọjọ́ Tí A Ru Iṣu Lọ Bẹ Yunifásítì

Fóònù ọmọ àbúrò mi kì í sinmi. Láti àná tó ti ti iléèwé dé láti wá kó aṣọ tí wọ́n fọ̀ fún un ni nǹkan náà ti ń dún lórí tábìlì oúnjẹ, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fi ṣíbí lu etí ife. Ìdánwò wọn ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ní kí ló ń sọ ná? Ó kà á fún mi: iléèwé ní kí wọ́n máa mu omi dáadáa. Ó tún dún: kí wọ́n máa sùn. Ó tún dún: ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá wúwo kó wá sí ọ́fíìsì báyìí báyìí, ẹnì kan wà níbẹ̀ tí yóò gbọ́ ọ, tí kò sì ní í bá a wí. Èyí tó dé kẹ́yìn ní àwọn tó ń wá òṣìṣẹ́ ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, kí àwọn tó ń jáde lọ́dún yìí mú ìwé wọn dání, kí ẹ̀rù má bà wọ́n, kí wọ́n sì rọra máa mí.

"Kí wọ́n rọra máa mí?" ni mo wí. "Ṣé fóònù ni yóò máa rán yín létí pé kí ẹ mí ni?"

"Dádì Àgbà, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn," ọmọ náà wí, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Inú bí mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe sí i. Ọ̀rọ̀ kan tó ti pẹ́ nínú mi ló ta padà, n ó sì sọ ọ́, kí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè mọ bí a ṣe ń tọ́jú akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tiwa.

Agbo ilé wa wà ní Ìkẹ́rẹ́, níbi tí òjìji àpáta ńlá ti máa ń tètè bo àgbàlá ní ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ bá wọlé ní ìgbà kòkó, òórùn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kí yín, òórùn kíkan bí ọtí tó ti sùn, láti orí ẹní tí a sá a sí dé inú aṣọ tí a fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi àti Ìbídùn, ọmọ àbúrò bàbá mi, òjò ọdún kan náà ló pa àwọn ìyá wa nígbà tí wọ́n lóyún wa. Inú àwo kan la ti ń jẹun. Ewé kókò kan ló ń bò wá lórí bí òjò bá ká wa mọ́ ọ̀nà iléèwé. Ibi tí a ti yàtọ̀ ni pé ìwé fẹ́ràn rẹ̀, ìwé sì ń lé mi. Nígbà tí a wà ní pírámárì kẹfà, tí ọkùnrin kan tó lo awò ojú wọlé láti wá ṣe ìdánwò fún wa, ojú fèrèsé ni mo gbà jáde. Mi ò dúró títí mo fi dé ẹ̀yìn ilé ìdáná. Ìbídùn ló bá mi kó bàtà mi wálé, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo padà tiraka dé fọ́ọ̀mù kẹta kí n tó sá lọ kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. Pákó kì í bi ènìyàn ní ìbéèrè.

Òun wọ yunifásítì. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ nínú agbo ilé wa. Nígbà tó máa fi dé ọdún àṣekágbá rẹ̀, kò tíì pẹ́ tí wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára Òǹdó, gbogbo wa sì gbà pé ìjọba ti kó wá sí ẹ̀yìnkùlé wa. Ilé iṣẹ́ ìjọba ń ṣí káàkiri, wọ́n ń wá òṣìṣẹ́. Ta ni wọn ì bá gbà bí kì í bá ṣe Ìbídùn?

Báyìí la bẹ̀rẹ̀ sí í pín in. Baba Sánmí, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó jẹ́ olórí agbo ilé, ní kó bọ́ sí ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn, kó lè rán katapílà wá la ọ̀nà oko kòkó wa. Bàbá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Tíṣà, wọ́n ti gbé e lọ máa ṣiṣẹ́ ní ìlú Àgbàdo láti ọdún gbọọrọ, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló ń fojú kan ìyàwó rẹ̀. Òun fẹ́ kí ọmọ náà dé ibi tí wọ́n ti ń buwọ́ lu ìwé, kí wọ́n lè dá òun padà sí Ìkẹ́rẹ́. Yèyé Ìjàn, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin tó lọ́kọ sí Ìjàn, ní ọmọkùnrin mẹ́ta tí kò ríṣẹ́. Ó ti pín wọn sí ilé iṣẹ́ ìjọba mẹ́ta, ó ku kí wọ́n lọ jókòó. Èmi ńkọ́? Mo ti rí ìrókò gidi, mo ń fi kan tábìlì ọ́fíìsì rẹ̀.

Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní àárín sáà náà. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, èérún igi ń lẹ̀ mọ́ ọn láṣọ, kò gbọ̀n ọ́n.

"Mi ò lè sùn mọ́ o," ó ní. "Bí mo bá ti ṣí ìwé, ojú yín ni mo máa ń rí nínú ẹ̀."

Mo ní, "Wá wo dúróà ẹ̀."

Èmi nìyẹn. Ènìyàn ń sọ fún mi pé odò ń gbé òun lọ, mo ń fi iṣẹ́ ọwọ́ mi hàn án.

Lẹ́yìn èyí, awakọ̀ takisí kan mú lẹ́tà wá láti yunifásítì. Bàbá Tíṣà kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ojú rẹ̀ ń kéré sí i. Lẹ́tà náà ní kí òbí Ìbídùn wá rí agbaninímọ̀ràn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọjọ́ Ajé, pé ọmọ náà ní òun fẹ́ fi iléèwé sílẹ̀ láìṣe ìdánwò àṣekágbá. Ìdánwò náà ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré.

"Ó ti ṣe nǹkan," ni Baba Sánmí wí. "Kò sẹ́ni tó rin ọ̀nà dé ẹnu odi ìlú tó kàn máa ṣẹ́rí padà. Ó ti lu tíṣà."

"Ìbídùn? Èyí tí kò lè dú adìẹ?" Yèyé Ìjàn ló pariwo.

"Irú wọn gan-an nìyẹn. Bí wọ́n bá dákẹ́ pẹ́, wọ́n á lu tíṣà."

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Láyé ìgbà yẹn, iléèwé kì í pe bàbá ọmọ kó wá gbọ́ ìròyìn ayọ̀. Àṣà ilé wa sì ni pé bí ọmọ bá ṣẹ àgbà, a kì í bi í léèrè kí a tó lọ. Ẹ̀bẹ̀ la ń kọ́kọ́ bẹ̀, ẹjọ́ lè dé lẹ́yìn. Baba Sánmí yan àwọn ẹlẹ́bẹ̀: òun fúnra rẹ̀, Bàbá Tíṣà, Yèyé Ìjàn nítorí omijé rẹ̀ máa ń tètè dé, àti èmi láti ru iṣu ẹ̀bẹ̀. Mo sọ fún wọn pé ẹ̀rù iléèwé ń bà mí. Òótọ́ ni. Láti ọjọ́ fèrèsé yẹn, bí mo bá ti rí pátákó ìkọ̀wé, fèrèsé ni ojú mi kọ́kọ́ ń wá. Wọ́n gbé iṣu lé mi lórí.

Nígbà tí a dé ọ́fíìsì náà, ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Baba Sánmí ní ká ti wà nílẹ̀ de agbaninímọ̀ràn náà, pé ẹni tó bá bá ẹlẹ́bẹ̀ nílẹ̀, ìdajì ìbínú rẹ̀ ti lọ. Èmi ni mo kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀. Mo fi àyà lélẹ̀, mo fi ikùn lélẹ̀, mo dijú. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ pé abẹ́ tábìlì ni orí mi wà, ẹsẹ̀ mi sì dí ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ni agbaninímọ̀ràn ṣe wọlé tòun ti ife tíì lọ́wọ́, ó kọsẹ̀ lára ẹsẹ̀ mi, tíì dà sórí iṣu.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí lèyí?"

"Ẹ̀bẹ̀ ni, Mà," Baba Sánmí dáhùn láti ilẹ̀. "Ẹ bá wa dárí jì í."

"Kí ló ṣe?"

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, Mà. Ohun yòówù kó jẹ́, kò ní í ṣe é mọ́."

"Kò ṣe nǹkan kan!"

"Ẹ ṣeun, Mà," ni Yèyé Ìjàn wí, omijé ti dé. "Ọlọ́run á dárí ji ẹ̀yin náà."

Ó pẹ́ kí obìnrin náà tó rí wa gbé dìde. Ó ní òun kò lè gba iṣu lọ́wọ́ òbí akẹ́kọ̀ọ́. Ó wá ránṣẹ́ pe Ìbídùn. Nígbà tí ọmọ náà wọlé, n kò kọ́kọ́ dá a mọ̀. Ó ti gbẹ, aṣọ kàn fi í kọ́ ni. Ó gbé báàgì rẹ̀ dání, ó ti di ẹrù rẹ̀ tán.

"Mi ò lu ẹnikẹ́ni, mi ò jí nǹkan kan," ó ní. "Ó rẹ̀ mí ni. Mo fẹ́ bá yín lọ sílé lónìí."

"Ó mà ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré!" Bàbá Tíṣà fẹ́ máa sọ̀rọ̀ lọ, agbaninímọ̀ràn gbé ọwọ́ sókè.

"Mo bi í kí ló ń bà á lẹ́rù," ó ní. "Kò dárúkọ ìdánwò, ẹ̀yin ló dárúkọ. Ó ní bí òun bá yege, gbogbo ohun tí ẹ ti là sílẹ̀ fún òun di dandan. Bí òun bá sá, ojú á ti òun lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Nítorí náà, ẹni tó bá ti gbé ẹrù lé ọmọ yìí lórí, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níbí. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, ẹ máa mú un lọ."

Baba Sánmí ló kọ́kọ́ túnra mú.

"Ẹrù wo? Ọ̀nà oko ni mo sọ. Ọ̀nà kì í ṣe ẹrù, orí ọ̀nà la ń gbé ẹrù gbà."

Obìnrin náà ń wò ó ṣáá.

Yèyé Ìjàn kúnlẹ̀. "Mo gbé Dèjì kúrò," ó ní. "Mo gbé Káyọ̀dé kúrò." Ó wo òkè. "Ṣé kí n kúkú fi ti Fẹ́mi sílẹ̀? Fẹ́mi ò wúwo."

"Gbogbo wọn, Màmá."

"Ó dáa. Kó wá bá mi dín gààrí."

Baba Sánmí rí i pé obìnrin náà ṣì ń wo òun, ó wúkọ́. "Màá máa fẹsẹ̀ rìn ín. Bàbá mi rìn ín, kò pa á."

Ó kan Bàbá Tíṣà. Ó pẹ́ tó ti ń wo eruku Àgbàdo lára bàtà rẹ̀. "Àgbàdo ti mọ́ mi lára," ó ní nígbẹ̀yìn. "Àwọn ọmọ ibẹ̀ ń gbọ́ràn."

Kò sẹ́ni tó mọ tèmi níbẹ̀. Mo lè dákẹ́, mo sì ti pinnu láti dákẹ́, ṣùgbọ́n Ìbídùn ò wo ẹlòmíràn.

"Tábìlì yẹn," mo ní, "màá gbé e fún ṣọ́ọ̀ṣì."

"O ti ṣe dúróà ẹ̀ tán?"

"Ó ku ẹyọ kan."

"Kò tiẹ̀ lè wọlé. Mo rí i lọ́jọ́ yẹn. O gé e tóbi jù."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún, bàbá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Nígbà tó ṣe, ó gbé báàgì rẹ̀, ó gbé e padà sí yàrá tó ti gbé e wá.

Iṣu wá di ọ̀ràn. Agbaninímọ̀ràn ò gbà á, Baba Sánmí sì ní a kì í ru ẹ̀bẹ̀ padà sílé. "Ẹ jẹ́ á se uṣu," ni Yèyé Ìjàn wí. Ó wá ìkòkò rí lẹ́yìn ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó sè é, ó fi epo àti iyọ̀ sí i. Kí a tó mọ̀, àwọn ọmọ tí a kò mọ̀ rí ti ń jáde láti yàrá gbogbo pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́, ojú wọn pọ́n, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń jẹ. Ọ̀kan nínú wọn sùn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yèyé, iṣu ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé iṣẹ́ wo ni wọn ó ṣe.

Ìbídùn ṣe ìdánwò rẹ̀ parí. Ó yege níwọ̀n, kì í ṣe yíyege tí wọ́n ń fọn fèrè sí. Ní ọjọ́ tó kọ ìwé ìkẹyìn, Baba Sánmí wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ṣé a lè gbé ẹrù wa padà lé e lórí báyìí?" Mo ní rárá. Ó bínú sí mi fún oṣù kan. Iṣẹ́ olùkọ́ ni Ìbídùn yàn, òun ló fẹ́ ẹ. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, láìsí ẹni tó rán an, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ kiri títí ó fi rí ìwé tí yóò dá bàbá rẹ̀ padà sí Ìkẹ́rẹ́ gbà. Bàbá Tíṣà kà á, ó ká a, ó ní òun kò lọ. Ó ní òun ti sọ̀rọ̀ lójú ẹlẹ́rìí. Àgbàdo ló ti fẹ̀yìn tì. Ṣé irú èyí kò lè bí ènìyàn nínú? Ìyàwó rẹ̀ kò tíì dárí jì í di òní.

Ẹni tí fóònù ń sọ fún pé kó rọra mí ti ṣoríire, bó ti wù kó pa mí lẹ́rìn-ín tó. Nígbà tiwa, ọmọ tó bá ní ó rẹ òun, ọ̀lẹ là ń pè é, tàbí ká gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn aládùúrà. Èyí ti yí padà. Ṣùgbọ́n àbúrò mi tó bí ọmọ tó ni fóònù yìí ti ń sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pé ilé iṣẹ́ epo ni ọmọ òun ń lọ, ọmọ náà sì ń gbọ́ ọ láti yàrá. Ìyẹn kò tíì yí. Kò sí ọ́fíìsì tó lè gba ọmọ sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀, àfi bí àwọn náà bá yọ̀ǹda.

Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí ńkọ́? Nínú gbogbo ènìyàn ayé, èmi ni Ìbídùn kọ́kọ́ wá bá. Èmi ni mo sì gbọ́ ọ kẹ́yìn.