Ọdún Tí A Kó Èéfín Kúrò Létí Omi Mímu

Òórùn epo ni mo kọ́kọ́ gbọ́ nínú omi náà, kí n tó gbé igbá kan ẹnu. Oyún àkọ́bí mi ló wà nínú mi nígbà náà, ẹni tó bá sì ti lóyún rí mọ̀ pé imú aboyún kì í purọ́. Mo da omi náà nù, mo tún bu òmíràn nínú àmù, bákan náà ló rí. Ìyá ọkọ mi gbà á lọ́wọ́ mi, ó tọ́ ọ wò, ó sì tu ú dànù. Ó ní, "Ọma mi, kì í ṣe oyún ló ń ṣe ọ́. Omi yìí ló ń ṣàìsàn."

Ayé òyìnbó la wà nígbà náà. Etí òkun nílẹ̀ Ìlàjẹ ni ilé ọkọ mi, níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé sórí òpó, tí ọkọ̀ ojú omi sì jẹ́ ẹsẹ̀ fún tọmọdé tàgbà. Omi yí wa ká, ṣùgbọ́n èyí tó ṣeé mu kò pọ̀, torí iyọ̀ ti ba ti òkun jẹ́. Odò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti inú igbó wá, tó gba iwájú ilé wa kọjá lọ sókun, ni gbogbo ìlú ń mu. Lókè odò náà ni ibi ìponmi wà, níbi tí wọ́n ti ri ọ̀pá mẹ́ta mọ́lẹ̀ fún àmì. A kì í fọṣọ níbẹ̀, a kì í sì í fọ ẹja níbẹ̀. Èmi kò mọ nǹkan kan nínú èyí nígbà tí mo kọ́kọ́ dé. Ọmọ Ìkálẹ̀ ni mí, láti ilẹ̀ gbígbẹ, níbi tí ènìyàn ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko. Lọ́jọ́ kejì tí mo wọlé ọkọ ni mo gbé ìkòkò ọbẹ̀ onídọ̀tí lọ fọ̀ sáàárín ọ̀pá mẹ́ta náà. Ojú tí àwọn obìnrin fi wò mí lọ́jọ́ náà, n kò tíì gbàgbé rẹ̀.

Ó tó ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn tí àwọn òyìnbó agégẹdú kan wá kọ́ ilé ìlagi sí ẹ̀bá odò wa, lókè ibi ìponmi gan-an. Omi ni wọ́n fi ń kó gẹdú wá láti inú igbó, ẹ́ńjìnnì ni wọ́n sì fi ń là á sí pákó. Inú gbogbo wa ló kọ́kọ́ dùn, kí n má purọ́. Ọkọ mi rí pákó rà, ó fi tún ilẹ̀ ilé wa ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, lẹ́búlẹ́bú igi bo ojú odò, epo ẹ́ńjìnnì ń tàn yanran lórí omi, èéfín dúdú ń bà lé aṣọ tí a sá, inú sì ń run àwọn ọmọdé. Olórí ìlú wa ránṣẹ́ sí máníjà ilé ìlagi, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, tó máa ń wọ bàtà dídán sínú ẹrẹ̀. Máníjà ní odò kì í ṣe ti ẹnì kan, pé ẹni tí omi kò bá tẹ́ lọ́rùn kí ó lọ gbẹ́ kànga. Kànga, létí òkun! A rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà ni inú bí wa.

Bẹ́ẹ̀ ni olórí ìlú ṣe pe ajẹ́lẹ̀, òyìnbó tó ń ṣàkóso àgbègbè wa. Òyìnbó náà dé nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, pẹ̀lú ògbufọ̀ rẹ̀, gbogbo ìlú sì kóra jọ. Máníjà kò tilẹ̀ gbèjà ara rẹ̀. Ó kàn nawọ́ sí ẹ̀yìn ilé wa, níbi tí àwa obìnrin ti ń yan ẹja. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ wo èéfín yẹn. Ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ni mo ní. Ẹ ka ààrò tiwọn. Kí ẹ sì bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ń da omi ẹja sí." Ọ̀rọ̀ náà bá wa lójijì, nítorí òótọ́ ni. Inú odò la ń dà á sí, nísàlẹ̀ ilé. Ajẹ́lẹ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá ní òfin tí yóò mú ẹ́ńjìnnì yóò mú ààrò. Ó ní kí ìlú ya ibì kan sọ́tọ̀ fún ilé gbígbé àti omi mímu, kí a ya ibòmíràn sọ́tọ̀ fún gbogbo iṣẹ́ tó ní èéfín àti ìdọ̀tí. Òun yóò padà wá nígbà tí oṣù tuntun bá lé. Bí àwọn obìnrin bá kọ̀ tí wọn kò kó kúrò, ilé ìlagi náà yóò dúró síbi tó wà.

Máníjà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó dá a lójú pé a kò ní kó kúrò.

Ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jàre, bí ó bá jẹ́ èmi nìkan ni. Ààrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ ni. Amọ̀ pupa láti ilé baba mi ni mo fi mọ ọ́, torí ẹrẹ̀ etí òkun kì í gan dáadáa. Èmi ni mo kó o sínú ọkọ̀, èmi ni mo fi ẹsẹ̀ pò ó, kò sì sí ààrò tó dára tó o ní gbogbo ẹ̀yìn ilé. Mo ké lójú gbogbo àwọn obìnrin pé, "Ṣé èéfín ẹja náà ni èéfín? Èéfín ẹja, oúnjẹ ni!" Ìyá ọkọ mi, tó jẹ́ olórí àwọn tó ń yan ẹja, wò mí. Ó ní, "Bí a bá na ìka kan sí ẹlòmíràn, mẹ́ta ń wo ara ẹni. Oyún tó wà nínú rẹ, ṣé ẹja ni yóò mu, àbí omi?"

Nígbà tí mo rí i pé kíkó ni a ó kó, mo ní kí n kúkú jẹ́ ẹni tí yóò rí ibi tí a ó kó lọ. Ní tèmi, ọ̀rọ̀ náà rọrùn: ìsàlẹ̀ odò, lẹ́yìn ilé tó kẹ́yìn. Ìdọ̀tí yóò ṣàn lọ sókun, ó parí. Àwọn àgbà ní ẹ jẹ́ kí a rò ó. Mo ní kí la tún ń rò? Mo kó igi fífúyẹ́ mẹ́fà, irú èyí tí àwọn apẹja ń so mọ́ etí àwọ̀n kí ó lè léfòó, mo fi osùn kùn wọ́n, mo sì jù wọ́n sómi níbẹ̀ lówùúrọ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Omi gbé wọn, wọ́n yà ní kọ̀rọ̀ odò, a kò rí wọn mọ́. Mo gbé àyà sókè. Mo tilẹ̀ ní bí ọmọdé bá gbọ́n, kí àgbà gbà fún un. Ẹ dárí jì mí, ọmọdé ni mí nígbà náà.

Ìyá ọkọ mi kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní, "Ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kí òkun mí."

A jókòó. Oòrùn kọjá àárín orí. Ìgbà náà ni òkun bẹ̀rẹ̀ sí í kún, ó sì ń ti odò padà sẹ́yìn. Ní ilé baba mi, odò tó bá ti lọ ti lọ nìyẹn. Kò sí ẹni tó rò pé ó yẹ kí a sọ fún ìyàwó ilé pé odò tiwọn máa ń padà wálé, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ìgbà tí mo wakọ̀ lọ pọnmi ni mo ń rí i tí ọkọ̀ ń yá, tí mo rò pé apá mi ló ń le. Igi kan kọ́kọ́ yọ, pupa yòò. Òmíràn tẹ̀ lé e. Wọ́n gba iwájú gbogbo ilé kọjá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mẹ́rin nínú wọn sì lọ dúró sáàárín ọ̀pá mẹ́ta, níbi tí a ti ń pọnmi mímu. Ẹ̀rín tí ìlú rín lọ́jọ́ náà, mo rò pé ó dé ilé baba mi. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Ìyàwó Odò-kì-í-padà. Àní ọkọ mi pàápàá ń pè mí bẹ́ẹ̀ bí inú rẹ̀ bá dùn. Kò sí bí a ṣe lè se ebòlò kí ó má rùn ìgbẹ́.

Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ó kó igi mẹ́rin náà, ó ní kí n wọkọ̀. A wakọ̀ lọ sí ẹ̀yìn igbó ẹ̀gbà, igi tó ń ta gbòǹgbò sínú omi iyọ̀, níbi tí odò mìíràn wà tí kò pàdé tiwa àfi lókun gbalasa. A ju igi náà sómi níbẹ̀, a dúró títí omi fi fà, a dúró títí ó fi kún. Kò sí ọ̀kan tó dé ọ̀dọ̀ wa. Afẹ́fẹ́ òkun sì ń fẹ́ láti ìlú lọ síbẹ̀, kì í ṣe láti ibẹ̀ wá sílùú. Ó ní, "Ibí ni. Ó jìnnà, ṣùgbọ́n ibí ni."

Lọ́jọ́ kẹta, ó mú ọmọ odó, ó fọ́ ààrò tirẹ̀ lójú gbogbo wa. Ó ti lo ààrò náà kí wọ́n tó bí ọkọ mi. Kò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn na ọmọ odó náà sí mi. Mo sunkún, n kò ní tijú sọ ọ́, mo sì fọ́ ààrò pupa mi pẹ̀lú ọwọ́ ara mi. Lẹ́yìn mi, gbogbo obìnrin ẹ̀yìn ilé ṣe bẹ́ẹ̀, a sì lọ mọ ààrò tuntun sẹ́yìn igbó ẹ̀gbà. Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ wọn níyà, àwa rìn pọ̀ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí ajẹ́lẹ̀ padà dé, èéfín kan ṣoṣo ló kù ní gbogbo ìlú, ti ẹ́ńjìnnì. Òyìnbó náà dúró nínú ọkọ̀, ó wo ẹ̀yìn ilé wa tó mọ́ tónítóní, ó wá yíjú sí máníjà. Máníjà ní ibi tí a yàn jìnnà jù. Ìyá ọkọ mi ní kí ògbufọ̀ bá òun sọ fún un pé, "Aboyún ń wakọ̀ débẹ̀ lójoojúmọ́." Ajẹ́lẹ̀ ní kí ilé ìlagi náà kó lọ síbẹ̀. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ilé ìlagi ti kó lọ sẹ́yìn igbó ẹ̀gbà, akọ̀wé kóòtù sì kọ òfin náà sínú ìwé: ibí fún ilé àti omi, ọ̀hún fún èéfín àti ìdọ̀tí. Oṣù tí wọ́n kó lọ ni mo bí ọmọ mi ọkùnrin, omi odò wa ni wọ́n sì fi wẹ̀ ẹ́.

Ìyá ọkọ mi ti lọ, máníjà ti lọ, òyìnbó pàápàá ti lọ. Ìwé kóòtù náà, n kò mọ ibi tó wà, ikán lè ti jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìyàwó tuntun bá wọ ìlú wa lónìí, kí ó tó dá iná, èmi ni wọ́n máa ń mú un wá bá. Mo ti darúgbó, n kò lè wakọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n mo ṣì lè fi osùn kun igi. Mo máa ń fi lé e lọ́wọ́, kí ó jù ú sómi lówùúrọ̀. Bí igi náà bá yà ní kọ̀rọ̀ odò, tí ìyàwó náà bá dìde pé òun ń lọ sílé, mo máa ń di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo máa ń ní, "Jókòó, ọma mi. Jẹ́ kí òkun mí."