Àwọn Ẹyẹ Ọgbà Orí Àpáta

Ọ̀sán gangan ni Yusuf Chhipa ṣubú lulẹ̀ láàárín àwọn tó ń sin ọkọ ìyàwó lọ, tòun ti iná fọ́tò léjìká. Oòrùn ìlú Jodhpur, ní ilẹ̀ Íńdíà, ló mú un. Kí wọ́n tó gbé omi dé, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Hanif àbúrò rẹ̀ ló gbé orí rẹ̀ lé itan. Kámẹ́rà ṣì wà lọ́rùn Hanif títí wọ́n fi dé ọsibítù.

Àwọn méjèèjì ló jọ ń ya fọ́tò ìgbéyàwó. Hanif ń yà, Yusuf ń gbé iná, ó sì ń dápàárá. Ìyàwó tó bá fajú ro, Yusuf á ní kó fọkàn balẹ̀, pé ọkọ ẹ̀ ni yóò máa fọ abọ́. Kí ìyàwó tó gbé ẹ̀rín mì, Hanif á ti tẹ kámẹ́rà.

Wọ́n sin Yusuf, Hanif ò sunkún. Àwọn àgbà àdúgbò ń wo ojú ẹ̀ bí ẹni ń wo sánmà, òjò ò rọ̀. Òun náà ń retí ẹ̀. Ńṣe ló dà bí ẹni tó sùn lé apá ara rẹ̀: ó ń rí apá náà, kò kàn gbúròó ẹ̀ ni. Bó bá jẹun, ó mọ̀ pé ata wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ata ò ta á. Ó ti ṣọ́ọ̀bù fọ́tò wọn pa. Ẹni tó bá wá bẹ̀ ẹ́ fún ìgbéyàwó, á ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn.

Ohun tó gbé e dé ọgbà ewéko aṣálẹ̀ tó wà lórí àpáta lẹ́yìn odi ìlú, kò lè sọ. Ó kàn rìn débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó jókòó níbòòji igi ẹlẹ́gùn-ún kan. Ẹyẹ kékeré kan tó funfun létí wá bà sórí igi oró, ó ń yẹ ìyẹ́ ara rẹ̀ wò. Hanif yà á. Kò sẹ́ni tó ń retí kó pa á lẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, ó tún lọ.

Kò pẹ́ tí Bhomaram, bàbá tó ń ṣọ́ géètì, fi mọ̀ ọ́n.

"Hanif, o tún wá kí àwọn àna ẹ nìyẹn?"

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

"Àwọn oníkámẹ́rà yòókù, ńṣe ni wọ́n ń lé ẹyẹ kiri bí ẹni lé olè. Ìwọ a jókòó bí òkúta. Ẹyẹ á yàgbẹ́ sí ẹ lórí lọ́jọ́ kan."

"Ó ti ṣe é."

Bhomaram rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Hanif wọ ọgbà lọ.

Nígbà tí Zubeda, ìyàwó Yusuf, parí opó, ohun àkọ́kọ́ tó béèrè ni fọ́tò ọkọ rẹ̀. Hanif tú gbogbo ohun tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Kò rí Yusuf nínú ìkankan, nítorí ẹni tó ń gbé iná kì í sí nínú fọ́tò. Ìgúnpá rẹ̀ nìkan ló yọ létí àwòrán kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ìyàwó kan tí wọn ò tiẹ̀ mọ̀ mọ́. Zubeda gbà á, ó gbé e lọlé. Àmọ́ nígbà tílẹ̀ mọ́, ó tọ Hanif lọ sórí àpáta.

"Ẹyẹ! Ẹyẹ lo ń yà! Ẹ̀gbọ́n tó tọ́ ẹ, ìgúnpá ẹ̀ lo rí gbé fún mi!"

"Àǹtí, ẹ rọra. Àparò ń bọ̀."

"Kí ló kàn mí kan àparò?"

"Ẹ jókòó ná."

Ẹsẹ̀ ń dùn ún, ó jókòó. Àparò kan yọ láti inú koríko gbígbẹ, àwọn ọmọ rẹ̀ tò tẹ̀ lé e, wọ́n gba orí òkúta pupa náà kọjá níwájú wọn. Zubeda bú sẹ́kún. Hanif ń gbọ́ ọ.

"Ìwọ ò tiẹ̀ ní sunkún ni, Hanif?"

"Kì í wá ni, Àǹtí. Mò ń dúró dè é."

Zubeda wò ó. Inú tó ń bí i rọlẹ̀, ó fi etí ìborùn nu imú.

"Gbé nǹkan yẹn wá."

Ó gba kámẹ́rà, ó tẹ̀ ẹ́. Àparò ti lọ.

"Òkúta lẹ yà."

"Òkúta tó dáa ni."

Láti ọjọ́ náà, wọ́n jọ ń lọ ni. Hanif kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀: ẹ má tẹjú mọ́ ẹyẹ, ẹ kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, ẹ ní sùúrù. Zubeda kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya ẹyẹ tó ń gbá oyin mú lófuurufú, tó ń fi í na ẹ̀ka igi kó tó gbé e mì. Àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Rukaiya, ìyàwó àbúrò bàbá Hanif, pe Zubeda sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Opó àti àbúrò ọkọ, lórí òkè láàárọ̀ kùtù?"

"Ẹ bá wa lọ lọ́la, Màmá. A ń wá ẹni tó máa gbé àpò, ó wúwo."

Rukaiya ò lọ, ṣùgbọ́n òun gan-an ló gbé iṣẹ́ wá. Wọ́n fẹ́ gbé ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ níyàwó, àwọn ará ilé náà kì í jẹ́ kí ọkùnrin wọ yàrá àwọn obìnrin. Ta ni yóò ya ìyàwó?

"Èmi ni," Zubeda dáhùn.

Lọ́jọ́ náà, Hanif dúró síta lẹ́bàá ògiri, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ó gbọ́ tí Zubeda ń sọ nǹkan nínú yàrá, ó gbọ́ tí ẹ̀rín bú. Ó fetí sí àyà ara rẹ̀ bóyá nǹkan kan máa mì níbẹ̀. Kò sí. Wọ́n gbé ìrẹsì ẹlẹ́ran fún un, ó jẹ ẹ́ tán, ó dúpẹ́.

Fọ́tò náà dáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Zubeda gé àwọn ìyá arúgbó kan lórí. Iṣẹ́ mìíràn tẹ̀ lé e. Òun ló ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù báyìí, òun náà ló ń bá àwọn oníbàárà jà. Hanif ń bá a tún àwòrán ṣe, ṣùgbọ́n láàárọ̀, orí àpáta ló ń wà. Bhomaram a bi í léèrè ohun tó rí, Hanif á ní àdàbà ni. Bó sì jẹ́ àdàbà nìkan náà ni, á jókòó tì í títí oòrùn á fi lé e wálé.