Ẹnu Ẹja Tí Mo Wọ̀n Lẹ́ẹ̀kan Ṣoṣo

Òyìnbó kan tí bàbá mi ń ṣiṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà fún ló fi àpótí dígí náà sílẹ̀ nígbà tó ń padà sí ìlú rẹ̀. Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ ẹrù gbé e wá sílé wa ní Dowa, àdúgbò wa létí ọ̀sà, àwọn aládùúgbò sì jáde wá wò ó bí ẹni ń wo ìyàwó tuntun. Gbogbo wa rò pé bàbá mi yóò tú dígí rẹ̀ kó fi ṣe fèrèsé. Kò tú u. Ó gbé e sí yàrá ìyá mi, ó da omi ọ̀sà sí i, ó sì ní kí n lọ ra ẹ̀pìyà láàyè wá.

Mo ní, “Bàbá, ẹja ọbẹ̀ ni ẹ fẹ́ fún ní yàrá?”

Ó wò mí lójú lásán. Mo gbé agbada lọ sí etí ọ̀sà.

Mo mọ ìdí tó fi ṣe é. Láti ọjọ́ tí a ti sin àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, ìyá mi kò fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn mọ́. Dókítà yẹ ẹsẹ̀ náà wò títí, ó ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Ìyá mi kàn jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó kọjú sí ògiri. Bí a bá gbé oúnjẹ wá, a ó gbé e padà. Kò bá wa jà, kò sọkún. Bó bá tiẹ̀ sọkún ni, ìbá sàn fún mi.

Ẹja ló yí i lójú padà. Mẹ́rin ni mo rà, èyí tó tóbi jù gùn tó àtẹ́lẹwọ́ àti ìka bàbá mi pọ̀. Lọ́sẹ̀ kẹta, ẹja ńlá yìí kò jẹun mọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì wú bí ẹni tó fi ẹ̀kọ sẹ́nu tí kò gbé e mì. Mo ní àìsàn ni, kí a tètè dín in kó tó kú. Ìyá mi pariwo, “Má fọwọ́ kàn án!” Ohùn rẹ̀ dẹ́rù bà mí, torí mo ti gbàgbé bó ṣe ń dún. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹja náà lanu, àwọn ọmọ wínníwínní tú jáde. Bí mo ṣe ta dígí ní ìka, gbogbo wọn sáré padà sẹ́nu rẹ̀. Bàbá wọn ni. Láàárín irú ẹ̀pìyà yẹn, bàbá ló ń fi ẹnu gbé ọmọ.

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi méjèèjì. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó jẹ àkàsà méjì, ó sì béèrè omi.

Wàhálà ni pé ẹ̀pìyà kò mọ ìgbà tó tó. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, àpótí ti kún dẹ́nu, omi ń rùn, méjì nínú mẹ́rin tí mo rà sì ti kú. Àwọn méjì tó kù ni Bàbá Ọmọ, bí ìyá mi ṣe ń pè é, àti abo kékeré kan, láàárín ọmọ tí kò lóǹkà. Mo lọ bá bàbá arúgbó apẹja tó ń ta ẹja fún wa. Ará Gùn ni, ṣùgbọ́n ó gbọ́ Nàgó, èdè wa, dáadáa.

Ó ní, “Ẹja tó ń jẹ ẹja ni o máa wá. Kó jẹ ọmọ, kó má lè jẹ bàbá.”

Èyí wo wá ni? Mo kọ́kọ́ mú àrọ̀. Àrọ̀ tú gbogbo ìdí àpótí, omi dúdú bí omi aró, Bàbá Ọmọ sì gé irùngbọ̀n rẹ̀ jẹ títí ó fi sá kó sí igun. Mo dá a padà. Mo mú òbòkún, òun náà kò gbé ọjọ́ méjì, ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ Bàbá Ọmọ lójú. Arúgbó náà wá fún mi ní ẹja kan láti inú ẹrẹ̀ etí ọ̀sà, tí orí rẹ̀ jọ orí ejò, tó máa ń yọ imú sókè wá mí. Ó ní, “Èyí kì í wá ìjà. Fi àpáàdì ìkòkò sí i kó rí ibi sá pamọ́ sí. Máa bọ́ ọ lójoojúmọ́, má jẹ́ kí ebi pa á. Kó o sì máa wo ẹnu rẹ̀. Ohun tó bá lè wọ ẹnu rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ ni.”

Aránṣọ ni mí, ìwọ̀n kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun létí mi. Mo fi okùn ìwọ̀n mi wọn ẹnu ẹja náà, mo wọn ara Bàbá Ọmọ láti ẹ̀yìn dé ikùn. Ẹnu náà kò tó ìdajì rẹ̀. Mo yangàn fún bàbá mi pé mo ti rí ẹni tí yóò bá a gbé.

Òótọ́ sì ni. Olórí-ejò dúró sábẹ́ àpáàdì rẹ̀, ó ń dín ọmọ kù díẹ̀díẹ̀, kò fọwọ́ kan bàbá. Omi mọ́. Ìyá mi rí gbogbo rẹ̀, ó ní, “Fún un ní edé púpọ̀ sí i, kó lè fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú àwọn ọmọ.” Láràárọ̀ ni mò ń fún un ní edé tútù. Ìyá mi ti ń fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ó ní bó bá di Àjíǹde, òun á rìn dé ìloro.

Àgùdà ni wá, Kátólíìkì tí kì í ṣeré. Nílé bàbá mi, láti alẹ́ Ọjọ́bọ̀ Mímọ́ títí aago ṣọ́ọ̀ṣì yóò fi dún padà ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta, kò sí ohun ẹlẹ́mìí tó gbọ́dọ̀ jẹun. Àwa, ajá, adìyẹ, ewúrẹ́. Bàbá mi ní Olúwa ń kú lọ́wọ́, adìyẹ á wá máa ṣa àgbàdo? A kì í dáná, a kì í fi abẹ́rẹ́ gún aṣọ.

Ní Ọjọ́ Ẹtì náà, ìyá mi pè mí. “Olórí-ejò ti jáde lábẹ́ àpáàdì. Jọ̀ọ́, fún un ní edé.”

Mo ní, “Bàbá ní kí ẹnikẹ́ni má jẹun.”

“Bàbá rẹ kò sí nílé. Edé gbígbẹ wà lórí pẹpẹ. Ẹ̀ẹ̀kan péré.”

Ọwọ́ mi dilẹ̀ o. N kò ránṣọ, n kò se nǹkan kan. Ohun tó bí mi nínú ni mo máa sọ, kí n má parọ́ ní ọjọ́ ogbó mi. Mo ní, “Màmá, láti àná, ẹ ò bi mí bóyá ebi ń pa èmi. Ẹja ni ẹ ń rò. Èmi náà ọmọ yín ni.” Ó kọjú sí àpótí náà. Mo jáde, mo sì ti ilẹ̀kùn. Pẹpẹ yẹn kò jìnnà ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin lọ.

Gbogbo oṣù yẹn, aṣọ Àjíǹde àwọn ọmọ oníbàárà ni mò ń rán. Mo ń fi ìṣẹ́tí sílẹ̀ nísàlẹ̀ aṣọ kọ̀ọ̀kan, torí ọmọ ń dàgbà. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ẹja tí mò ń bọ́ láràárọ̀ náà ń dàgbà. N kò tún fi okùn kan ẹnu rẹ̀ mọ́.

Ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta, bí aago ti dún, mo bu edé, mo sáré wọlé. Mo ti pinnu láti bẹ̀ ẹ́. Ìyá mi wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Ó ti sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ti wọ́ ara rẹ̀ dé ibẹ̀, apá rẹ̀ sì rin fún omi dé ìgúnpá níbi tó ti ń gbìyànjú láti yà wọ́n. Olórí-ejò ti gbé Bàbá Ọmọ mì dé ìdajì. Ẹ̀gún ẹ̀yìn Bàbá Ọmọ há sí i lọ́fun, kò lè gbé e mì, kò lè pọ̀ ọ́ jáde. Àwọn méjèèjì ti kú. Àwọn ọmọ ń yí wọn ká, wọ́n ń wá ẹnu tí wọn yóò sá wọ̀.

Mo ní, “Màmá, ẹ dárí jì mí.”

Ó ní, “Ebi ń pa ọ́ bí? Lọ jẹun, ọmọ mi.” Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ìyẹn ló ń pa mí títí dòní.

Kò rìn dé ìloro. Ó kọjú sí ògiri padà, kí òjò ńlá tó bẹ̀rẹ̀, a ti sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò mi.

Bàbá mi kò bi mí ní nǹkan kan. Èmi náà kò sọ fún un pé ìyá mi bẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́ Ẹtì Mímọ́ ọdún kejì, mo jí, mo gbọ́ tí adìyẹ ń ké ní àgbàlá. Bàbá mi wà láàárín wọn pẹ̀lú igbá, ó ń da àgbàdo sílẹ̀ fún wọn. Ewúrẹ́ ti ń jẹ èèpo iṣu. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo fẹ́ pariwo mọ́ ọn pé ó ti pẹ́ jù. Mo wá rí i pé àgbàdo ti tán nínú igbá, ó ṣì ń fi ọwọ́ bù ú.

Mo wọlé, mo bu òmíràn wá fún un.