Ẹsẹ̀ Iwájú 404 Bàbá Olúgbádé

Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ Jóṣúà Ògúnsànyà nígbà náà, tí ẹ ní kó bá yín wo ẹ́ńjìnnì, ó máa ní kí ẹ máa lọ ni. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ nìkan ló ń ṣe: ṣọ́ọ̀kì, sípíríńgì, búúṣì tó jẹ́ rọ́bà àárín irin méjì, àti bí táyà ṣe máa jókòó sí ààyè rẹ̀. Abẹ́ igi máńgòrò kan létí ọ̀nà Òjòó, kò jìnnà sí Agbowó, ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ lókèèrè, á ti gbọ́ ìró búúṣì tó ti jẹ kó tó rí ojú ẹni tó ń wà á. Ọkùnrin náà gbéraga díẹ̀, n ò ní purọ́. Àmọ́ ìgbéraga rẹ̀ kò ju iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ, mélòó nínú wa ló lè fọwọ́ sọ̀yà bẹ́ẹ̀?

Ohun kan ló ń dùn ún. Ó ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta, ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó ti tún ṣe kò lóǹkà, síbẹ̀ kò ní ọkọ̀ tirẹ̀. Mọ́tò èrò ló ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, tó bá sì sọ̀ kalẹ̀ nírọ̀lẹ́, á rìn wọ àdúgbò wọn ní Agbowó. Àwọn aládùúgbò a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní oníṣẹ́-ẹsẹ̀ tó ń fẹsẹ̀ rìn ń bọ̀. Sìkírátù ìyàwó rẹ̀ á bá wọn rẹ́rìn-ín, á wá wọlé, á gbé oúnjẹ ka iwájú ọkọ rẹ̀ gbàgà.

Nínú àwọn oníbàárà rẹ̀, ẹnì kan ló yàtọ̀. Bàbá Olúgbádé ni, ọ̀gá ilé-ìwé girama tó ti fẹ̀yìntì, tó ń gbé ní Bódìjà. Wọ́n ní Pijó 404 kan, aláwọ̀ eérú, tí wọ́n rà ní tuntun lọ́dún 1967. Ọdún méjìdínlógún ni Jóṣúà fi bá wọn tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀, nínú gbogbo ọdún yẹn, bàbá kò fi orúkọ pè é rí. "Ọmọ mi" ni wọ́n ń pè é. Ọmọ mi, ṣé àlàáfíà ni? Ọmọ mi, wọlé wá jẹun. Bí àlejò bá wà ní pálọ̀, wọ́n á ní, "Ọmọ mi nìyí, òun ló ń bá mi tọ́jú ọkọ̀." Ẹ sì jẹ́ n sọ fún yín, Jóṣúà kò mọ bàbá tó bí i lójú. Gánà ni wọ́n ní ó lọ kí wọ́n tó sọ ọmọ lórúkọ, kò sì padà wá. Torí náà, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán tí àgbà ń fi pe ọmọdé, Jóṣúà ti gbà á bí ogún tirẹ̀ tipẹ́tipẹ́.

Ní ọdún 1995, táyà 404 náà di àwátì. Síìsì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó tín-ín-rín ló ń lò, kò sì sẹ́ni tó ń kó irú rẹ̀ wọ̀lú mọ́. Ẹ̀rín ni àwọn onípáàtì ní Gẹ́ètì máa ń fi dá Jóṣúà lóhùn tó bá béèrè. Ṣọ́ọ̀kì iwájú náà ti kú, bí ọkọ̀ bá bọ́ sí kòtò, á máa jó títí kó tó dákẹ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù: kí wọ́n yọ ẹsẹ̀ iwájú látòkè délẹ̀, kí wọ́n fi ti Pijó 504 rọ́pò, kí wọ́n sì lo ríìmù àti táyà síìsì mẹ́rìnlá tó kún ìgboro. Jóṣúà lọ ṣàlàyé fún bàbá nílé wọn. Bàbá gbé ọwọ́ lé iwájú ọkọ̀.

"Ṣe é dáadáa," ni wọ́n wí. "Ojú ti ń dùn mí, n ò ní wà á pẹ́ mọ́. Tó bá ti parí, ọmọ mi ni n ó gbé e fún."

Ẹ lè ní kí ló dé tí kò béèrè pé ọmọ wo. Ta ló máa béèrè? Ẹni tí wọ́n ti ń pè lọ́mọ láti ọdún méjìdínlógún, ṣé òun ni yóò la ojú sílẹ̀ bi àgbàlagbà pé ṣé èmi ni àbí ẹlòmíràn? Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì. Bàbá rò pé iṣẹ́ tí àwọn gbé fún un ló ń dúpẹ́ rẹ̀, wọ́n ní kó dìde, kó má fi aṣọ nulẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ náà ló sọ fún Sìkírátù. Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ kejì, gbogbo òpópónà wọn ti gbọ́. Sìkírátù kó àgbá omi rẹ̀ kúrò níwájú ilé kí ọkọ̀ lè rí ibi dúró sí.

Jóṣúà ní ẹsẹ̀ 504 méjì kan nínú yàrá, tuntun, tí wọn ò tíì yọ kúrò nínú páálí. Ó ti rà wọ́n pamọ́ láti ọdún mẹ́fà fún ọkọ̀ tí òun náà máa ní lọ́jọ́ kan. Kò jẹ́ kí bàbá ra tòkunbọ̀, tirẹ̀ ló gbé wá. Ṣèyífúnmi, wẹ́dà tó ń jó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá bá a.

"Jóṣúà, ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn," ló wí. "Bàbá yìí ní ọmọ lókè òkun o."

Jóṣúà ní kó gbájú mọ́ iná rẹ̀. Ọmọ tó ti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti ogún ọdún sẹ́yìn, tí kì í kọ lẹ́tà, kí ló fẹ́ fi 404 ṣe?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò lórí rẹ̀. Ihò orí ẹsẹ̀ 504 kò bá ara ọkọ̀ mu, ó fi fáìlì ha á díẹ̀díẹ̀ títí tó fi wọlé wẹ́rẹ́, kò gbà kí wọ́n fi iná gé e. Nígbà tó sọ ọkọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí jáàkì, iwájú ga ju ẹ̀yìn lọ. Ó pààrọ̀ sípíríńgì lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dọ́gba. Táyà tún wá ń ha fẹ́ńdà tó bò ó bí wọ́n bá yí sítíárì dópin. Ẹlòmíràn á kàn fi òòlù lu fẹ́ńdà wọlé, á ní ó ti parí. Jóṣúà fi ẹfun pa etí táyà, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó wo ibi tí ẹfun lẹ̀ mọ́, ó wá gbé ríìmù lọ bá àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fá irin ní Challenge kí wọ́n fá ìdí rẹ̀, kó lè wọnú sí i díẹ̀. Nígbà tó wà á gba Ring Road, ó mú ọwọ́ kúrò lórí sítíárì, ọkọ̀ ń lọ tààrà. Ó ti ń rí ara rẹ̀ àti Sìkírátù nínú rẹ̀, wọ́n ń lọ kí ìyá ìyàwó ní Òkè-Àdó. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń dá rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Sátidé ló gbé e lọ sí Bódìjà. Ó ti wẹ̀, ó ti wọ bùbá àti ṣòkòtò tí Sìkírátù lọ̀ fún un. Ọkùnrin kan tó wọ ṣòkòtò péńpé dúró ti bàbá lẹ́nu géètì.

"Yọ̀mí, wá wo ọkọ̀ rẹ," ni bàbá wí. "Mo ti ní kí wọ́n tún un ṣe dè ọ́."

Yọ̀mí gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Jóṣúà, ó sì dúpẹ́, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni, èyí tí à bá fi bú u ò sí. Bàbá jókòó síwájú, wọ́n ní kí Jóṣúà bọ́ sẹ́yìn. Wọ́n yí Bódìjà po, wọ́n bọ́ sí kòtò, wọ́n jáde, ara ọkọ̀ ò gbọ̀n.

"Dádì, ọkọ̀ yìí ń lọ o. Ta ló ṣe ẹsẹ̀ ẹ̀?"

"Mẹkáníìkì mi ni, òun ló wà lẹ́yìn yìí."

Nígbà tí wọ́n padà dé, Yọ̀mí ní kó bá òun wo nọ́ọ̀tì táyà, nítorí òun ń lọ sí Èkó lọ́jọ́ Ajé. Jóṣúà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó wọ̀, sípánà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ ohun tó wá sí i lọ́kàn, torí òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi. Kó tú u ní ìlàjì, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Ó wo nọ́ọ̀tì náà pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó fún un le, ó fún ìyókù le, ó nu ríìmù pẹ̀lú etí bùbá rẹ̀, ó dìde.

"O ṣeun, ọmọ mi," ni bàbá wí. Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ náà ni wọ́n ṣe sọ ọ́, kò sí ẹ̀tàn kankan níbẹ̀, ohun tó sì bù ú jẹ jù nìyẹn. Ẹni tó bá tan èèyàn, a lè bínú sí i.

Ẹsẹ̀ ló fi rìn láti Bódìjà dé Agbowó. Sìkírátù wà níwájú ilé pẹ̀lú àwọn obìnrin mẹ́ta tó fẹ́ bá a yọ̀. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ lọ dé ìkòríta.

"Ọkọ̀ dà?"

"Wọ́n ti gbé e fún ọmọ wọn."

"Ọmọ wọn wo? Ṣebí ẹ̀yin ni wọ́n ń pè lọ́mọ?"

"Èyí tí wọ́n bí ni, Sìkírá."