Bẹ́líìtì Tó Wà Lábẹ́ Síìtì

Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, ilé iṣẹ́ tí mo háyà ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn fi ìkìlọ̀ kan ránṣẹ́ sórí fóònù mi: "Oníbàárà wa ọ̀wọ́n, a ń kìlọ̀ fún yín pé ẹ kò gbọ́dọ̀ tú ìbòrí síìtì ọkọ̀ wa mọ́. Ẹ ṣeun tí ẹ yàn wá." Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Òótọ́ ni, wọ́n tú u, èmi ni mo sì ní kí wọ́n tú u. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí.

Ìyá mi ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní Ọjọ́bọ̀ kan. Agogo mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ kejì ni wọ́n máa tú báńdéèjì ojú rẹ̀, ó sì ti sọ fún mi pé ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ni òun fẹ́ kọ́kọ́ rí. Mo ṣèlérí. Ṣùgbọ́n mo ti ṣe ìlérí mìíràn fún ara mi ṣáájú ìyẹn. Lọ́dún tó kọjá, awakọ̀ kan tẹ búrèkì lójijì, ọmọ yìí fi ẹnu gbá ẹ̀yìn síìtì iwájú, eyín rẹ̀ kan sì kán. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn náà ló ṣì ń jókòó sí, ṣùgbọ́n mo ti pinnu pé kò ní rin ọ̀nà jíjìn láìde bẹ́líìtì.

Nítorí náà, kí n tó sanwó, mo pe ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì láti béèrè bóyá bẹ́líìtì wà lẹ́yìn. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, wọ́n ní ó wà.

Lọ́jọ́ Ẹtì náà, ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà wa ní Súrùlérè ní agogo méje àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́fà. Agogo méje la jọ ṣe àdéhùn, mi ò lè parọ́ mọ́ wọn lórí ìyẹn. Ọkọ̀ náà mọ́. Wọ́n fi awọ dúdú bo síìtì ẹ̀yìn pátá, wọ́n rán an pinpin. Okùn bẹ́líìtì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ibi tí à ń kì í bọ̀ kò sí. Mo ki ọwọ́ bọ gbogbo ibi tí ọwọ́ lè wọ̀. Mo tan tọ́ọ̀ṣì. Kò sí.

Awakọ̀, ọkùnrin kan tó dàgbà jù mí lọ dáadáa, ń wò mí.

"Àǹtí, kò sẹ́ni tó ń wo ẹ̀yìn. Iwájú ni àwọn ọlọ́pàá ń wò lójú ọ̀nà."

"Ẹ̀gbọ́n, èmi ń wo ẹ̀yìn."

Mo pe ọ́fíìsì wọn. Ọmọbìnrin tó gbé e ní ohùn tó dùn.

"Mà, bẹ́líìtì wà nínú ọkọ̀ yẹn."

"Níbo?"

"Mò ń rí i lórí kọ̀ǹpútà mi, mà. Márùn-ún ni."

"Ọmọ mi ò lè jókòó sórí kọ̀ǹpútà yín."

"Mo gbọ́ yín, mà. Ẹ dúró díẹ̀."

Orin kan bẹ̀rẹ̀. Ó parí, ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi di ẹ̀ẹ̀kẹrin, ọmọ mi ti ń bá a kọ ọ́.

"Mà, ọkọ̀ mìíràn wà ní Ìgànmú. Bẹ́líìtì tiẹ̀ pé."

"Ẹ gbé e wá."

"Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ni kì í ṣí."

Mo bi í pé báwo lọmọ ṣe máa wọlé. Ó ní òun máa kọ ìbéèrè yẹn sílẹ̀, wọ́n á sì dá mi lóhùn láàárín ọjọ́ méjì.

Agogo mẹ́sàn-án ti kọjá. Awakọ̀ ń jẹ ẹ̀pà.

"Àǹtí, mo mọ ẹni tó rán síìtì yìí o. Pápá Àjàó ló wà. Èmi ni mo gbé ọkọ̀ lọ."

"Ẹ̀gbọ́n! Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ látàárọ̀?"

"Ẹ ò bi mí. Ọ́fíìsì lẹ̀ ń bi."

Bàbá tó ń rán síìtì dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ kí a tó páàkì. Mo ṣàlàyé ohun tó gbé wa wá. Ó fi àtàǹpàkò tẹ síìtì náà níbi mẹ́ta.

"Wọ́n wà níbí, gbogbo wọn."

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ rán an mọ́lẹ̀?"

"Èmi náà bi wọ́n. Wọ́n ní àwọn kọ́sítọ́mà ń ráhùn pé irin ẹ̀ ń gún àwọn nídìí."

Awakọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ẹ ò rí i pé ọ́fíìsì ń gbọ́ tẹnu kọ́sítọ́mà?"

Mo ní ẹyọ kan péré ni mo fẹ́. Bàbá ní ẹni tó gbé iṣẹ́ fún òun ló lè ní kí òun tú u. Mo tún pè. Orin yẹn tún bẹ̀rẹ̀. Mo gbé fóònù sí etí bàbá. Ó gbọ́ ọ títí, ó wo ọmọ mi tó ń bá a kọrin, ó wo eyín rẹ̀ tó kán, ó sì mú abẹ. Ó tú ojú ìrán kan, ó fa ibi tí à ń ki bẹ́líìtì bọ̀ jáde, ó rán etí awọ náà yí ká dáadáa. Mo ki bẹ́líìtì bọ̀ ọ́. Ó dún. Mo fà á lẹ́ẹ̀mẹta.

Agogo mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú la kúrò níbẹ̀. Agogo márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú la dé Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ti tú báńdéèjì.

"Nọ́ọ̀sì ni mo kọ́kọ́ rí," ni ìyá mi wí. "Ó rẹwà, ṣùgbọ́n n ò ránṣẹ́ pè é."

Ó fa ọmọ mi mọ́ra, ó wò ó lójú, ó wò ó lẹ́nu. Láti ọdún tó kọjá, ojú ìyá mi ò ríran tó láti rí ohun tí mi ò sọ fún un.

"Ta ló kán ọ léyín?"

Mo sọ òótọ́ fún un.

"Tòní ńkọ́?"

"Ó de bẹ́líìtì, mà. Òun la wá kiri tá a fi pẹ́."

"Ẹ ò pẹ́," ló wí.

Awakọ̀ sọ fún mi pé ọ́fíìsì ti ní kí wọ́n rán ihò tí bàbá tú lára síìtì náà pa báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ háyà ọkọ̀, ohun kan péré ni mo bẹ̀ yín: kí ọmọ yín tó wọlé, ẹ ki bẹ́líìtì ẹ̀yìn bọ ibi tó yẹ kó wọ̀, kí ẹ sì gbọ́ pé ó dún.