Ìdìbò Òkun Tí Wọ́n Fi Àdúrà Jí

Ní ọdún tí epo bẹntiróòlù gbówó lórí, tí ọ̀pọ̀ wa ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́, ni wọ́n jí ìdìbò kan gbé lójú mi nílé ìpàdé kan nítòsí oríta Fájuyì, l'Adó-Èkìtì. Wọn kò jí àpótí, wọn kò yìnbọn. Àdúrà ni wọ́n fi jí i. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ báyìí, mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, torí inú ṣì ń bí mi.

Ọmọ Ìgèdè ni mí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹja inú òkun ni mo kọ́, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa òṣìṣẹ́ ìwádìí nígbà náà. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ pé kó ṣètò ìwádìí tí a ó ṣe sí òkun wa, kí wọ́n tó ri àwọn òpó ńláńlá tí afẹ́fẹ́ yóò máa yí fún iná mànàmáná mọ́ ibẹ̀. Ohun tó dára ni. Ta ni iná kò wù? Ṣùgbọ́n àárín òkè ni wọ́n ti wá ń ṣèpàdé òkun, torí pé ọmọ Adó ni alága, ilé rẹ̀ kò sì jìnnà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni, díákónì sì ni pẹ̀lú.

Èmi ni mo ṣojú ẹgbẹ́ wa nínú ìgbìmọ̀ náà. Apẹja kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, Bàbá Ayọ̀dèjì, láti etíkun Ìlàjẹ. Ibi tí wọ́n fẹ́ ri òpó sí gan-an ni òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti ń dẹ àwọ̀n. Ẹ̀bẹ̀ kan ló gbé wá: kí a kọ́kọ́ mọ irú ẹja tó wà níbẹ̀, bí wọ́n ṣe pọ̀ tó àti ìgbà tí wọ́n ń yé, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ilẹ̀ òkun. Mo gbè é lẹ́yìn. A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Bí a kò bá mọ bí nǹkan ṣe rí tẹ́lẹ̀, báwo la ó ṣe mọ̀ bí a bá bà á jẹ́?

Alága ní ìyẹn yóò fi iṣẹ́ falẹ̀. Ó ní kí wọ́n yẹ afẹ́fẹ́ àti ilẹ̀ òkun wò ná, kí ti ẹja máa bọ̀ lẹ́yìn. A jiyàn títí ọ̀fun wa fi gbẹ. Mo ní, “Ẹ jẹ́ ká dìbò.”

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Màdáámú, ẹ fara balẹ̀. Oúnjẹ ti ń tutù. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà ìparí ná.”

Gbogbo wa dìde. Ẹ ṣáà mọ̀ wá ní Èkìtì, ẹnìkan kò lè ní ká gbàdúrà kí ìdí wa ṣì wà lórí àga. Alága dúpẹ́ fún ẹ̀mí, a ṣe àmín. Ó bẹ̀bẹ̀ fún ààbò lójú ọ̀nà ilé, a ṣe àmín. Ó wá gbé ohùn sókè: “Ìpinnu wa pé kí ti afẹ́fẹ́ àti ilẹ̀ òkun ṣíwájú, kí ti ẹja tẹ̀lé e, Olúwa, fi àṣẹ sí i!”

“Àmíììn!”

Bàbá Ayọ̀dèjì ṣe é. Èmi náà ṣe é, ó ti mọ́ ẹnu mi lára. Ìgbà tí mo lajú ni ọ̀rọ̀ náà tó yé mi.

“Alága, ìpinnu wo?”

“Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ ṣe àmín yẹn? Gbogbo ilé ti fọwọ́ sí i. Àbí ẹ fẹ́ gba àmín yín padà lọ́wọ́ Ọlọ́run?”

Àwọn ọ̀mọ̀wé, àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìjọba, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì lọ bu ìrẹsì. Bàbá Ayọ̀dèjì kò jẹun. Ó dì mí lápá mú.

“Akọ̀wé, ṣé ó ti tán nìyẹn?”

“Kò tán, Bàbá.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹgbẹ́ wa kóra jọ sí Fájuyì pẹ̀lú páálí tí a kọ “Ẹ KA ỌWỌ́ WA” sí. Ọlọ́kadà kan dúró, ó wò wá, ó bú sẹ́rìn-ín. “Ìyá, sé òkun ti dé ùlú wa ni?”

Mo ní kò tíì dé, àwọn tó fẹ́ tà á ló ti dé. Ó pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó ní kí n ṣàlàyé. Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, òun náà bínú. “Wọ́n fi àdúrà rẹ́ yín jẹ? Àdúrà?” Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ràn kálẹ̀ nìyẹn. Ìjọba kò sọ nǹkan kan, àwọn pásítọ̀ ló bá alága wí. Ojú tì í, ó pe ìpàdé mìíràn, a nawọ́ sókè, wọ́n kà á, a sì borí.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Láàárín ìpàdé méjèèjì, ọkọ̀ ojú omi àwọn tó ń yẹ ilẹ̀ òkun wò ti lọ síbẹ̀. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ aláriwo lu ilẹ̀ òkun láti mọ bó ṣe le tó, wọ́n sì ti gbẹ́ ihò síbẹ̀. Àmín wa ni wọ́n gbà láṣẹ. Nígbà tí àwa oníwádìí ẹja fi máa débẹ̀, omi ti rú, ohun tí a bá kì í ṣe ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ mọ́.

A jèrè o. Láti ìgbà náà, ìgbìmọ̀ náà kì í ṣèpinnu láìka ọwọ́, àwọn apẹja sì ti pọ̀ sí i níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fojú kéré ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la lè mọ bí nǹkan ṣe rí kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, ẹ̀ẹ̀kan yẹn ni wọ́n sì gbà lọ́wọ́ wa. Alága kò tíì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Bàbá Ayọ̀dèjì títí dòní. Ó jẹ ẹ́ ní gbèsè ìyẹn, ó kéré tán.

Bàbá pè mí lóṣù tó kọjá. Òpó àkọ́kọ́ ti dúró lórí omi, òun sì ní láti tukọ̀ jìnnà kí àwọ̀n òun tó mú nǹkan. Mo ní ká kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ pé ẹja ti dín.

“Ó dáa, Akọ̀wé,” ni ó wí. “Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi wá pé báwo ló ṣe pọ̀ tó tẹ́lẹ̀, kí la fẹ́ fi hàn wọ́n?”